Ọ̀sán Ìkẹyìn Tí Wọ́n Di Nihar Lójú

Ìwé náà wà lẹ́sẹ̀ òrìṣà, kò sì sí ẹni tó lè mú un kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ọjọ́ Saraswati ni. Òrìṣà ìmọ̀ ló ni ọjọ́ náà, gbogbo ilé ló ti kó ìwé àti gègé wọn sí i lẹ́sẹ̀ kó lè súre sí wọn, ẹni tó bá ṣí ìwé tàbí tó kọ nǹkan lọ́jọ́ náà ti fojú di í. Àwọn ọmọ ilé ìwé ni òfin yìí máa ń dùn mọ́ nínú. Kò dùn mọ́ Niharbala nínú rárá. Ó dúró níwájú àpótí tí wọ́n gbé ère amọ̀ náà lé, ó ń wo ìwé idán ọkọ rẹ̀, tí ẹnì kan ti fi òdòdó méjì lé lórí.

“Ta ló gbé e síbẹ̀?”

“Èmi ni,” ọkọ rẹ̀ dáhùn. “Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni mò ń gbé e sí lọ́dọọdún ni?”

“Mo bẹ̀ yín lánàá pé kí ẹ dúró. Mo ní ká jọ wò ó láàárọ̀ yìí ná.”

“Ká wo kí ni?”

“Àrokò wa, bàbá Tukun. Ṣebí ọ̀sán yìí la fẹ́ pidán fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́.”

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ nu àgbọ̀n rẹ̀. “Ọ̀sán yìí?” ó ní. “O ò tètè sọ fún mi.”

 Nihar ti sọ fún un nígbà tí wọ́n jí, ó ti sọ fún un nídìí tíì, ó sì ti sọ fún un nígbà tó ń bá a de bọ́tìnì ẹ̀wù. Bí ó bá tún sọ ọ́, bí ẹni ń da omi sínú ajere ni.

Nǹkan kan ṣoṣo ni obìnrin yìí ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, kó tó di pé ẹ rò pé ojúkòkòrò ló ń ṣe é. Ó ń fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ ti ìbẹ̀rẹ̀ idán dé òpin rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní Ranaghat, ìlú wọn ní Íńdíà, mọ̀ pé iyè rẹ̀ ti ń ra. Bidyut, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò, ti ṣèlérí pé bí wọ́n bá ti parí, àwọn máa fi ìborùn tuntun kọ́ ọkọ Nihar lọ́rùn níwájú gbogbo èèyàn, bí wọ́n ṣe máa ń bọlá fún àgbà. Lẹ́yìn ìyẹn, Nihar fúnra rẹ̀ máa kéde pé ọkọ òun ti fẹ̀yìn tì. Kó sáà ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtàgé bí ẹni iyì, kó wọlé, kó jókòó, kó máa gbàgbé ohun tó bá wù ú láti gbàgbé. Ó ti rẹ Nihar. Kò ní agbára ohun tó ju ìyẹn lọ mọ́.

Phanibhushan Samanta ni orúkọ ọkọ rẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀tàn lè pè é bí mo ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n Nihar kò gbọdọ̀ pè é. Lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ, tí ọ̀dà pupa ìyàwó ṣì tutù ní ìpín irun rẹ̀, ni ìyá ọkọ ti fà á sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó kìlọ̀ fún un pé ìyàwó tó bá la ẹnu pe orúkọ ọkọ rẹ̀, ọjọ́ ayé ọkọ náà ló ń gé kúrú. Nihar gbà bẹ́ẹ̀. Kó tó bímọ, “Ṣé ẹ ń gbọ́?” ló fi ń pe ọkọ rẹ̀. Nígbà tó bí Tukun, ó di “bàbá Tukun.” Igi ẹlẹ́gùn-ún kan tiẹ̀ wà lẹ́bàá kànga wọn tí ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ jọ ti ọkọ rẹ̀. Títí dòní, “ẹlẹ́gùn-ún yẹn” ni Nihar ń pè é. Ìyá ọkọ nìkan ló ń pe ọkùnrin náà lórúkọ, tí yóò nà án gùn láti ẹnu ọ̀nà bí ẹni ń pe adìyẹ wọlé, títí ó fi kú. Gbogbo ìlú, Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, nítorí idán rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kò débi yunifásítì kankan o. Tíkẹ́ẹ̀tì ló ń tà ní ojú fèrèsé ní ibùdókọ̀ ojú irin. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó lọ sí Kolkata láti lọ ra bàtà ìgbéyàwó. Ó rí ìwé kan nílẹ̀ lẹ́bàá títì níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé àlòkù, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ó sì kún fún àwòrán ọwọ́. Bí bàtà ṣe di ìwé nìyẹn. Bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó, ó tóbi jù ú lọ, ariwo rẹ̀ ni Nihar kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí ojú ọkọ.

Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ìwé náà. Ó ń fi ìwé atúmọ̀ èdè túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń jẹ ètè bí ẹni ń mu oògùn kíkorò. Àwọn àwòrán náà ló sì ṣì í lọ́nà. Ọwọ́ inú ìwé kọjú sí i, òun náà kọjú sí ìwé, èyí tó bá rí lápá òsì, òsì ló fi ń ṣe é. Bó ṣe kọ́ gbogbo idán sódì nìyẹn, látorí okùn tí a gé tó tún so pọ̀ dórí ẹyọ owó tó ń pòórá. Kò mọ̀, àfìgbà tó lọ síbi tí àwọn apidán ti ń ṣèpàdé, tí àgbàlagbà kan níbẹ̀ wò ó títí, tó ní, “Arákùnrin, ṣé inú dígí lo ti kọ́ṣẹ́ ni?” Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dọ́ba. Ó wálé, ó sì sọ fún Nihar pé òun kò ní yí i padà, pé ọwọ́ tó ti mọ̀ ti mọ̀.

Orí ìwé tó gba ayé Nihar ni ti àrokò. Ìyàwó á jókòó lórí ìtàgé, wọ́n á di í lójú. Ọkọ á wọ àárín èrò, á gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan, á sì béèrè lọ́wọ́ ìyàwó pé kí ló wà lọ́wọ́ òun. Ìyàwó á sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹnu èrò á la. Kò sí àṣírí mìíràn nínú rẹ̀ ju pé bí ìbéèrè bá ṣe rí ni ìdáhùn ṣe máa rí. Bó bá ní “Kí nìyí?”, òòyà ni. Bó bá ní “Jọ̀ọ́, sọ fún wa,” awò ojú ni. “Ó yá” ni kọ́kọ́rọ́, “Tètè” ni ańkáṣíìfù, “Ṣé o rí i?” ni aago ọwọ́. Ó pọ̀ bí irun orí. Ìdí ààrò ni ó ti ń kọ́ ọ, bí ó ti ń bó àlùbọ́sà ni ọkọ rẹ̀ ń ju ìbéèrè sí i, bí ó bá sì ṣì í, ọkùnrin náà á dákẹ́ á máa wo àjà. Ìdákẹ́ yẹn burú ju èébú lọ.

Wọ́n gba ìyìn níbi gbogbo tí ọkọ̀ ojú irin dé. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ. Àrokò náà kò dúró lórí ìtàgé, ó bá wọn wọlé. Bí ọkọ rẹ̀ bá ní, “Jọ̀ọ́, ṣé omi ti hó?”, awò ojú ló máa kọ́kọ́ sọ sí Nihar lọ́kàn kó tó rántí omi. Ó tó ọ̀pọ̀ ọdún tí ọkùnrin náà kò sọ ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán sí i mọ́. Lọ́jọ́ tí Tukun ṣubú lórí àtẹ̀gùn kànga, tí bàbá rẹ̀ ké pé “Tètè! Tètè wá!”, ańkáṣíìfù ni Nihar rí, funfun báláú, kó tó rí ọmọ. Kò pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, egungun apá ọmọ náà sì ti jinná tipẹ́, Tukun ti lọ́kọ ní Asansol. Síbẹ̀, Nihar kò dárí ji ìwé yẹn rí, kódà bó bá ń nu eruku orí rẹ̀.

Ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ni Nihar ti kọ́kọ́ fura. Agboòrùn ló wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó ń gbọ́ tí wọ́n ń fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀ gbó-gbó, ṣùgbọ́n ìbéèrè òòyà ló jáde. Nihar sọ pé òòyà. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí olùkọ́ fi na pátákó. Lọ́jọ́ náà, bí wọ́n ti ń padà nínú ọkọ̀ ojú irin, ọkọ rẹ̀ bínú sí i. “Gbogbo ọdún yìí, Nihar! Òòyà! Ṣé orí ẹ ń dàrú ni?” Ó gba ẹ̀bi náà. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà ṣìnà bó ti ń bọ̀ láti ọjà ẹja, ọ̀nà tó ti ń rìn láti ìgbà tó ti wà ní kékeré. Nihar wá mọ orí ẹni tó ń dàrú.

Láti ìgbà náà, ó ń yọjú wò lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi ń di í lójú. Ìwé náà ti sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ pé bó ti wù kí wọ́n di èèyàn lójú tó, àyè kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú tí a lè gbà wo ìsàlẹ̀. Nihar kò lò ó rí, nítorí ó ní ìgbéraga tirẹ̀, ó fẹ́ kí idán òun jẹ́ ti iṣẹ́ ọpọlọ. Ó wá ń lò ó báyìí. Ó ń wo bàtà, ó ń tẹ́tí sí ìró ẹ̀gbà ọwọ́, ó ń gbóòórùn tábà àti òróró irun. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí wọ́n bá wálé, orí á máa fọ́ ọ, ọkọ rẹ̀ á sì máa rẹ́rìn-ín pé, “A ṣì mọ̀ ọ́n ṣe, àbí?” Á ní bẹ́ẹ̀ ni.

Malati, obìnrin aládùúgbò tó ń ránṣọ, ni ẹnì kan ṣoṣo tó sọ ọ́ fún, nítorí kò lè dá ọ̀sán òní gbé. Ó sọ fún un nídìí kànga láàárọ̀ ọjọ́ náà, kété tó rí i pé ìwé ti bọ́ sọ́wọ́ òrìṣà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ṣe fagi lé e?” Malati bi í.

“Kí n sọ pé kí ló dé? Bí mo bá ní ara rẹ̀ ò yá, wọ́n á wá kí i. Bí wọ́n bá wá kí i, wọ́n á rí i.”

“Wọ́n á ṣàánú rẹ̀.”

“Àánú ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe fún wèrè ibùdókọ̀ yẹn náà. Wo bí àwọn ọmọ ṣe ń ju kóró èso lù ú.”

 Malati ní, “Kí ni kí n ṣe?”

“Ìlà iwájú. Kí ìwọ, ọkọ ẹ àti àbúrò ẹ jókòó síbẹ̀. Kí ọkọ ẹ kọ́kọ́ na awò ojú sí i. Kí àbúrò ẹ na aago. Kí ìwọ na agboòrùn. Ẹ má yí i padà. Ohun yòówù tó bá bi mí, mo ti mọ èyí tó kàn.”

“Lẹ́yìn agboòrùn ńkọ́?”

“Lẹ́yìn agboòrùn, màá dìde, màá kí ìlú, ó tán.”

“Ó ti tán kẹ̀,” Malati sọ, ó fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín. Nihar kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n ti jẹ ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà lórí ewé tán, àgọ́ aṣọ tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ pa sójú pápá kún fọ́fọ́. Gbogbo àwọn ọmọbìnrin ló wọ aṣọ ìró gígùn tí wọ́n ń pè ní sárì, aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n ń jẹ èso kékeré kíkan tí wọn kì í fẹnu kàn kí wọ́n tó bọ òrìṣà tán. Bidyut gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ iná.

“Ẹ̀yin ará àdúgbò! Ọ̀jọ̀gbọ́n wa rèé! Ẹni tí Ọ̀jọ̀gbọ́n kò bá tíì sọ owó rẹ̀ dàwátì rí, kó nawọ́ sókè!”

“Mi ò tíì rí tèmi gbà di òní!” ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn.

“Lọ bá a ní fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì!”

Idán àkọ́kọ́ dára.  Okùn gé, okùn so. Òrùka irin wọnú òrùka irin, ó tún jáde. Ẹyọ owó pòórá ní ọwọ́ òsì, ó yọ létí ọmọ kan. Ọwọ́ ọkùnrin náà kò gbàgbé nǹkan kan. Ọwọ́ tó ti mọ̀ ti mọ̀ lóòótọ́. Nihar ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, ó ń ronú pé ì bá dára bó bá jẹ́ pé ọwọ́ nìkan ni ọkùnrin yìí.

Wọ́n di Nihar lójú. Bidyut ló fúnra rẹ̀ de kókó aṣọ dúdú náà. “Ó le tó, Kakima?” Bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe ń pè é nìyẹn, ìyàwó àbúrò bàbá. “Ó le, ọmọ mi,” ó sọ. Ó jókòó. Ó na ọrùn díẹ̀, ó rí pátákó ìtàgé, ó rí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó rí sálúbàtà ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń wọ àárín èrò.

“Jọ̀ọ́, sọ fún wa.”

“Awò ojú ni. Ti ọkùnrin ni, apá rẹ̀ kan ni wọ́n fi okùn so.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

“Ṣé o rí i?”

“Aago ọwọ́. Ó ń sáré ju aago ibùdókọ̀ lọ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ó kan agboòrùn. Nihar dúró. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ohùn ọkọ rẹ̀ tó jáde, ó sì rọ̀ bí ti ẹni tó ń tọrọ ọ̀nà.

“Kí nìyí?”

Ìbéèrè òòyà. “Agboòrùn ni,” Nihar sọ, “ti obìnrin, ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ igi.” Ìlú hó yèè. Ọkọ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀, ó rò pé òun ló sọ ọ́ tọ́. Kò sí ẹni tó mọ̀. Nihar ti gbé ọwọ́ sí apá àga láti dìde.

“Ẹ dúró, ẹ dúró!” Bidyut ló fò dìde. Kò ní ìkà nínú, ẹ má bú u, àṣejù lásán ló ń dà á láàmú. “Kakima, a ti mọ agboòrùn yín láti ìgbà tí a ti ń wọ ṣòkòtò péńpé! Ẹ jẹ́ kí n sọ orúkọ kan fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ pe orúkọ yẹn fún wa.”

“Kọ ọ́ síwèé ká lè rí i!” ẹnì kan sọ.

“Lónìí? Ṣé o fẹ́ kí òrìṣà jẹ́ kí n fìdí rẹmi nínú ìdánwò ni?”

“Ó ti jẹ́ kí o fìdí rẹmi tipẹ́!”

Nínú ẹ̀rín yẹn ni Bidyut ti fẹnu sí Ọ̀jọ̀gbọ́n létí. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni náà sọ ọ́ fún ẹlòmíì, ìlà ìjókòó sí ìlà ìjókòó, ẹ̀rín ń tẹ̀ lé e. Nihar dúró de ìbéèrè. Ìbéèrè kankan kò wá. Lábẹ́ aṣọ dúdú náà ni ó ti gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún èkejì rẹ̀ pé, “Yéè, Bidyut yìí! Bó tiẹ̀ mọ̀ ọ́n, ṣé ó lè pè é ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú àdììtú náà. Orúkọ wo ni obìnrin tó lọ́kọ kò lè pè? Ọkàn Nihar balẹ̀ díẹ̀. Èyí kò le. Ó gbé orí sókè.

“Bidyut,” ó ní, “mo mọ orúkọ náà. Ó wà lórí ọ̀dà ìpín irun mi yìí. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kọ́kọ́ lọ fẹ́yàwó, kí o ní kí òun pe orúkọ tìẹ ná!”

Ìlú bẹ́ gbàmù sẹ́rìn-ín. Wọ́n súfèé, wọ́n lu àga. Wọ́n ń pariwo pé ó gbà á, pé Kakima gbà á. Ibi tó yẹ kó parí sí nìyẹn. Ìborùn wà nílẹ̀, tí wọ́n ti ká sínú àwo.

Ṣùgbọ́n Nihar wo ìsàlẹ̀, kò rí sálúbàtà yẹn níbi tó wà. Ó yí orí, ó fi ẹ̀gbẹ́ imú wá a kiri, ó sì rí gìgísẹ̀ méjì tó ń lọ. Ọkùnrin náà ti kẹ̀yìn sí ìtàgé. Ó ń gba àárín àga lọ sí ẹnu ọ̀nà àgọ́, níbi tí títì wà, níbi tí ọkọ̀ ẹrù ń gbà. Ìrìn ẹni tó mọ ibi tó ń lọ ni ó ń rìn, ìyẹn ló sì bani lẹ́rù jù.

“Bàbá Tukun,” ó sọ, jẹ́jẹ́.

Gìgísẹ̀ ń lọ.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n! Ṣé ẹ ń gbọ́?”

Ẹ̀rín ti ń rọ̀. Ẹnì kan ní, “Níbo ló ń lọ?” Ẹlòmíì ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀nà ibí kọ́ o.” Malati dìde, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ láàárín òun àti ọkùnrin náà. Nihar gbọ́ bí ohùn àwọn èèyàn ṣe ń yí padà, tí ẹ̀rín ń di ìbéèrè, ó sì mọ̀ pé bí ọkọ òun bá fi dé ẹnu ọ̀nà yẹn, ó tán, gbogbo ìlú á mọ̀, ìyẹn bí ọkọ̀ kò bá kọ́kọ́ gbá a. Ó fa aṣọ dúdú náà ya kúrò lójú. Ìmọ́lẹ̀ gún un. Ó rí ẹ̀yìn orí ọkùnrin náà, irun funfun tó ti ṣẹ́ kù díẹ̀, ẹ̀wù tí òun fúnra òun de bọ́tìnì rẹ̀.

Ó la ẹnu, ó sì pè é.

“Phanibhushan!”

Ó nà án gùn. Kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni òun máa pè é. Àgọ́ náà dákẹ́ lọ bí ilé tí wọ́n pa iná rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà tó wà níwájú fi etí sárì bo ẹnu. 

Ọkùnrin náà dúró. Ó yíjú padà díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ojú rẹ̀ ti tú ká, ó ń dán bí ti ọmọ tí wọ́n pè wá jẹun.

“Mò ń bọ̀, Ìyá!” ó dáhùn. “Mò ń bọ̀!”

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó àgọ́ náà lé wọn lórí. Wọ́n rò pé tọkọtaya náà ti ṣètò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, pé ìyàwó kọ̀ láti pè é, pé ọkọ bínú lọ, pé ìyàwó pè é, tó sì dáhùn bí ọmọdé tí ìyá mú. Àwọn ọkùnrin ń nu omijé ẹ̀rín. “Mò ń bọ̀, Ìyá!” làwọn ọmọ ń ké mọ́ra wọn. Phanibhushan rìn padà gba àárín ẹ̀rín náà, ó gun orí ìtàgé, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nihar bí ẹni tó dé sí ilé. Nihar di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà gbóná, ó sì dákẹ́.

Wọ́n fi ìborùn kọ́ ọ lọ́rùn. Ó fọwọ́ pa á lára, inú rẹ̀ dùn sí i.

“Kakima, ẹ pa wá!” Bidyut ń mí hẹlẹ. “Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò rí irú rẹ̀ rí! Ẹ gbọ́dọ̀ tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Apá ìkẹyìn yẹn gan-an!”

“Ó ti fẹ̀yìn tì,” Nihar sọ.

“Ẹ̀yin náà! Ẹni tó ṣì lè ṣe irú èyí?”

“Ọmọ mi, ó ti fẹ̀yìn tì. Jẹ́ ká lọ.”

Malati bá wọn gbé àpò dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró títí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi wọlé, tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti ìborùn lọ́rùn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pe orúkọ rẹ̀.”

“Mo pè é.”

“Ẹ̀rù ò bà yín? Ohun tí wọ́n máa ń sọ yẹn...”

“Ó ti rẹ̀ mí kọjá kí ẹ̀rù máa bà mí, Malati. Bí ó bá gé ọjọ́ rẹ̀ kúrú, ṣé ọjọ́ kankan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?” Lẹ́yìn náà ojú tì í nítorí ohun tó sọ, ó sì fọwọ́ kan ọ̀dà ìpín irun rẹ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ọkùnrin náà kò dá “bàbá Tukun” lóhùn mọ́. Kò dá “Ọ̀jọ̀gbọ́n” lóhùn. Tukun wá láti Asansol, ó pè é ní bàbá títí ó fi sunkún, ọkùnrin náà fi ìborùn rẹ̀ nu ojú fún un, ó bi í pé ọmọ ta ni. Orúkọ yẹn nìkan ló kù tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nihar ń pè é. Ó ń pè é láti ẹnu ọ̀nà, ó ń pè é láti ìdí kànga, ó ń pè é kí ó tó wẹ̀ ẹ́ àti kí ó tó fún un lóògùn. Àwọn obìnrin àdúgbò kọ́kọ́ ń fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ní ìyàwó apidán ti ya aláìnítìjú. Nígbà tó yá ó sú wọn.

Ìdáhùn kan náà ló ń rí gbà. Fún ọjọ́ púpọ̀ kò fèsì sí i, torí ìyàwó ló jẹ́, kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni tó ń hewú. Àmọ́ bí a kò bá dá ọkùnrin náà lóhùn, á dúró sójú kan, á máa wo ọ̀tún wo òsì, ẹ̀rù á sì máa bà á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ti ṣú, ó ṣì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún yẹn, Nihar pè é.

“Mò ń bọ̀, Ìyá!” ó sọ, kò sì dìde.

Nihar di òpó ilẹ̀kùn mú.

“Máa bọ̀, ọmọ mi,” ó sọ. “Oúnjẹ ti délẹ̀.”

Ó dìde lójú ẹsẹ̀, ó sì wọlé. Nihar fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ fún un, ó bu ìrẹsì sínú àwo, ó jókòó tì í, ó sì ń yọ egungun ẹja fún un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí ó fi jẹun tán.